Kilamídíà: Ọmọ Ìyá Kan Náà, Ìwà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lọ́sẹ̀ yìí jẹ́ èyí tí ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sọ. Ṣùgbọ́n bí a bá fi ìtìjú bo àrùn mọ́lẹ̀, àrùn a máa tú ilé ká. Òun ni ọ̀rọ̀ kòkòrò tí à ń pè ní kilamídíà. Àwọn kan gbọ́ pé àrùn ojú ni ó ń fà, àwọn mìíràn gbọ́ pé àrùn ìbálòpọ̀ ni. Òótọ́ ni àwọn méjèèjì gbọ́, nítorí pé kòkòrò yìí ní ìran púpọ̀, ìwà wọn kò sì bára mu. Ọ̀wọ́ mẹ́ta ni àwọn onímọ̀ pín wọn sí.

Ọ̀wọ́ kìíní ni A, B, Ba àti C. Ojú ni àwọn wọ̀nyí ń bá jà. Trakómà ni à ń pe àrùn náà. Bí ó bá ń mú ọmọdé léraléra, inú ìpéǹpéjú rẹ̀ á lé àpá, irun ìpéǹpéjú á yí wọnú, á máa ha ẹyinjú títí ojú á fi fọ́. Ọwọ́ ìdọ̀tí, aṣọ ìnujú àjùmọ̀lò àti eṣinṣin ni ó ń gbé e kiri. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé Ghana ṣẹ́gun rẹ̀ ní 2018, Togo ní 2022, Benin ní 2023.

Ọ̀wọ́ kejì bẹ̀rẹ̀ láti D dé K. Ìbálòpọ̀ ni a fi ń kó o. Ìtọ̀ lè máa ta ọkùnrin bíi ti àtọ̀sí, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn obìnrin kì í mọ nǹkankan lára. Kòkòrò náà lè gòkè wọ ilé-ọmọ, kí ó sì dí ọ̀nà tí ẹyin obìnrin ń gbà. Mo ti rí ìyàwó tí àwọn ará ilé ọkọ ń bú ní àgàn, tí ó sì jẹ́ pé ọkọ ni ó gbé kòkòrò wọlé. Ọmọ tuntun náà lè kó o lára ìyá nígbà ìbí: ojú rẹ̀ á wú, ọyún á máa jáde níbẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ sì lè kó àrùn.

Ọ̀wọ́ kẹta ni L1, L2 àti L3. Ìbálòpọ̀ ni a fi ń kó àwọn náà, ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wọnú ara lọ jìnnà. Kókó á so níbi tí itan ti pàdé ikùn, á wú, ó sì lè tú.

Kí ni ó mú kí ìwà wọn yàtọ̀? Àbùdá ni, ìyẹn ohun àjogúnbá tí òbí fi sínú ọmọ. Ẹ gbọ́ àpẹẹrẹ kan. Oúnjẹ kan wà tí kilamídíà kò lè ṣe aláìní, tryptophan ni orúkọ rẹ̀. Bí kòkòrò bá wọlé, ara wa a máa run oúnjẹ náà kí ebi lè pa á. Ṣùgbọ́n àwọn kòkòrò mìíràn tí ń gbé ojú ara obìnrin a máa tú ohun kan jáde, indole. Àwọn ìran ìbálòpọ̀ ní àbùdá tí wọ́n fi ń sọ ọ́ di oúnjẹ. Àwọn ìran ojú ti pàdánù tiwọn.

Àbùdá a sì máa yí padà. Ní 2006, wọ́n rí ìran kan ní Sweden tí ègé kékeré ti sọnù lára àbùdá rẹ̀. Ègé yẹn gan-an ni àwọn àyẹ̀wò kan ń wá! A sọ fún àwọn aláàrùn pé ara wọn mọ́, wọ́n sì ń kó o ran ẹlòmíràn, títí a fi tún àyẹ̀wò náà ṣe.

Nítorí náà, ẹ má ṣe ra kápúsù méjì lọ́wọ́ oníkẹ́míìsì kí ẹ sì sọ pé ó tán. Doxycycline ọjọ́ 7 ni a sábà ń lò fún ìran D dé K, ọjọ́ 21 fún ìran L. Aláboyún kò gbọdọ̀ lò ó. Oògùn mìíràn wà fún un. Ọkọ àti ìyàwó ni kí wọ́n jọ ṣe àyẹ̀wò, kí wọ́n jọ lo oògùn, kí wọ́n sì yàgò fún ara wọn títí yóò fi parí. Bí a bá wo ẹnì kan tí a fi èkejì sílẹ̀, omi inú agbọ̀n ni a ń pọn. Ẹ má sì fi ìjà ṣe é. Ìjà kì í wo àrùn.