Iná Kú, Ẹ̀rù Kò Kú: Ta Ni Onímọ̀ Sàíkọ́lọ́jì?

Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, iná sọ ní ilé iṣẹ́ BioLab ní Conyers, ìlú tó wà ní ìlà-oòrùn Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, lẹ́bàá ọ̀nà I-20. Omi kan kẹ́míkà tí wọ́n fi ń tọ́jú omi ìlúwẹ̀ẹ́, èéfín tó ní kílórìnì nínú sì bo ojú ọ̀run. Ìjọba ní kí nǹkan bí 17,000 ènìyàn fi ilé sílẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn tó kù ní Rockdale, agbègbè ìjọba tí Conyers wà, wọlé, kí wọ́n ti fèrèsé, kí wọ́n sì pa ẹ̀rọ amúlétutù.

Àwọn panápaná pa iná náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí irú iná bẹ́ẹ̀ ń dá sílẹ̀ kì í ṣe iṣẹ́ panápaná. Iṣẹ́ onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì ni.

Ọ̀pọ̀ nínú wa rò pé wèrè nìkan ni àwọn onímọ̀ yìí ń tọ́jú, tàbí pé wọ́n lè wo ojú ènìyàn kí wọ́n mọ ohun tó wà níkùn rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Sàíkọ́lọ́jì ni ẹ̀kọ́ nípa bí ẹ̀dá ṣe ń ronú, bí nǹkan ṣe ń rí lára rẹ̀, àti ìdí tó fi ń hùwà tó ń hù. Ìwádìí ni wọ́n fi ń ṣe é, kì í ṣe àfọ̀ṣẹ. Wilhelm Wundt dá yàrá ìwádìí rẹ̀ sílẹ̀ ní Leipzig, ní Jámánì, lọ́dún 1879. Láti ìgbà náà ni ẹ̀kọ́ yìí ti ń pẹ̀ka. Èéfín Conyers lè fi àwọn ẹ̀ka náà hàn wá.

Ẹ̀ka kan ń wo ọpọlọ àti ara: kí ló dé tí àyà fi ń já, tí oorun sì ń dá lójú ẹni tí ewu ti kọjá lórí rẹ̀? Ẹ̀ka mìíràn ń wo bí a ṣe ń kọ́ nǹkan àti bí a ṣe ń rántí. Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Ohun tí Ivan Pavlov fi ajá ṣe ìwádìí rẹ̀ ní Rọ́ṣíà kò jìnnà sí òwe yìí. Ẹni tó gbóòórùn kílórìnì lọ́jọ́ yẹn lè máa gbọ̀n bó bá ṣí ìgò Jik láti fọ aṣọ.

Ẹ̀ka ìdàgbàsókè, èyí tí Jean Piaget ṣe gudugudu méje nínú rẹ̀, ń wo ọmọdé. Ọmọ ọdún mẹ́rin lè rò pé ìwà àìgbọràn òun ló fa èéfín. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè ṣe bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ̀ka àwùjọ ń béèrè ìdí tí aládùúgbò fi ń sá nítorí pé aládùúgbò sá. Àwọn ẹ̀ka mìíràn wà fún ilé ẹ̀kọ́ àti ibi iṣẹ́. Ẹ̀ka ìtọ́jú ló sì ń gba ẹni tí ọ̀sẹ̀ ti gorí ọ̀sẹ̀ tí ara rẹ̀ kò tíì balẹ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí kì í ṣe ti òyìnbó nìkan. Kenneth àti Mamie Clark, tọkọtaya aláwọ̀ dúdú, gbé bèbí dúdú àti funfun síwájú àwọn ọmọ dúdú ní Amẹ́ríkà. Ọ̀pọ̀ ọmọ náà yan funfun. Ilé ẹjọ́ gíga jù lọ tọ́ka sí iṣẹ́ wọn nígbà tó ní kí wọ́n má ṣe ya ọmọ dúdú sọ́tọ̀ mọ́ nílé ìwé ìjọba, lọ́dún 1954. Ọdún kan náà ni Thomas Adéoyè Lambo, dókítà ọpọlọ ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò tirẹ̀ ní Àrò: aláìsàn ń gbé pẹ̀lú ẹbí rẹ̀ ní abúlé tó yí ilé ìwòsàn ká, ó ń gba ìtọ́jú lójú mọmọ. Lambo mọ̀ pé láàárín èèyàn ni ọkàn ti ń sàn.

Ní Georgia, onímọ̀ sàíkọ́lọ́jì tó fẹ́ máa tọ́jú aráàlú gbọ́dọ̀ gboyè ọ̀mọ̀wé, kó yege ìdánwò, kó sì gbàwé àṣẹ. Kì í kọ oògùn. Àyẹ̀wò àti ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni irinṣẹ́ rẹ̀. Dókítà ọpọlọ ló ń kọ oògùn. Ní Rockdale, Viewpoint Health wà lára ètò ìlera ọpọlọ ìpínlẹ̀ náà. Ẹni tí ìrònú bá fẹ́ bò mọ́lẹ̀ lè pe 988 tọ̀sán-tòru, níbikíbi tó bá wà ní Amẹ́ríkà.

Bí ewu bá kọjá, “Ẹ kú ewu” la máa ń kí ara wa, “A dúpẹ́” la sì fi ń dáhùn. Ó yẹ ká dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í sábà tán síbẹ̀. Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ẹni tí oorun kò kùn mọ́ lẹ́yìn “A dúpẹ́” rẹ̀, kó fi ìyókù ọ̀rọ̀ náà tó ẹni tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ létí.