Ìgbafẹ́ Ọmọ Wẹ́wẹ́: Ohun Tó Yẹ Kí Òbí Rò Kí Wọ́n Tó Gbéra Nílé

Nígbàkígbà tí ilé ẹ̀kọ́ bá ti pa fún ìsinmi gígùn, ìbéèrè kan ni àwọn òbí ní Àkúrẹ́, ní Oǹdó àti káàkiri ìpínlẹ̀ wa máa ń bi ara wọn: níbo ni a ó kó àwọn ọmọ wọ̀nyí lọ? Àwọn ọmọ ti rí ọgbà ìgbafẹ́ ńláńlá lórí tẹlifíṣọ̀n àti lórí fóònù, wọ́n sì ń dárúkọ ibi tí bàbá àti ìyá wọn kò dé rí. Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n òmíràn wà tó yẹ kó ṣáájú rẹ̀: báwo ni agbára ọmọ tí a fẹ́ mú lọ ṣe tó? Èrò wa ni pé ìdáhùn sí ìbéèrè kejì yìí ló yẹ kó yan ibi tí a ó lọ, ọjọ́ tí a ó lọ, àti wákàtí tí a ó padà sílé.

Àwọn tí iṣẹ́ ọgbà ìgbafẹ́ ti di iṣẹ́ wọn tipẹ́ mọ èyí dáadáa. Láti ọdún 1843 ni ọgbà Tivoli ti wà ní ìlú Copenhagen ní Denmark. Ọdún 1955 ni Walt Disney ṣí ọgbà tirẹ̀ sílẹ̀ ní California ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ṣí èyí tó tóbi jù ú lọ ní Florida ní ọdún 1971, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú. Ní irú ọgbà bẹ́ẹ̀ lóde òní, wọ́n máa ń gbé òṣùwọ̀n sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀rọ ìṣeré tó bá ń sáré tàbí tó ń yí lókè. Ọmọ tí gíga rẹ̀ kò bá tó ibi tí wọ́n fàlà sí kò ní gùn ún, ì báà jẹ́ ọmọ olówó, ì báà sunkún títí ilẹ̀ fi ṣú. Wọn kò bi òbí pé ṣé ọmọ náà láyà. Ara ọmọ ni wọ́n ń wọ̀n. Ní ọ̀pọ̀ ibi tí àwa ń lọ nílé níbí, kò sí òṣùwọ̀n kankan lẹ́nu ọ̀nà, nítorí náà òbí gan-an ni òṣùwọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí a mú Òkè Ìdànrè ṣe àpẹẹrẹ, nítorí òun ni ibi ìgbafẹ́ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní ìpínlẹ̀ wa, kò sì jìnnà sí Àkúrẹ́ ju nǹkan bíi kìlómítà 24 lọ. Láti ọdún 2007 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ń fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Orí òkè náà ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ní ọdún 1923. Ààfin àtijọ́ ti Ọwá ṣì wà níbẹ̀, ilé ẹjọ́ àti ilé ẹ̀kọ́ ìgbà náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni àpáta tó ní ipa ẹsẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ti Agbógun. Ọmọ tó bá dé ibẹ̀ tí wọ́n sì ṣàlàyé fún un yóò rí i pé àwọn baba ńlá wa kọ́ odindi ìlú sórí àpáta, wọ́n ń pọnmi, wọ́n ń dájọ́, wọ́n sì ń kàwé níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń yí kò lè kọ́ ọmọ ní èyí.

Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn tó lé ní 600 ni a ó gùn kí a tó dé ìlú àtijọ́ náà. Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le yóò mí hẹlẹhẹlẹ. Ọmọ ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án lè gùn ún, yóò tilẹ̀ máa sáré ṣáájú, ìyẹn gan-an sì ni ewu tirẹ̀, nítorí ẹni tó bá sáré gun àtẹ̀gùn òkúta yóò fẹ́ sáré sọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin ní tirẹ̀ yóò gun ìwọ̀nba, yóò jókòó, yóò sì na ọwọ́ méjèèjì sókè pé kí wọ́n gbé òun. Ọ̀kan nínú wa ní ọ́fíìsì yìí mú ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta, lọ síbẹ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Ọjọ́kanrí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gùn ún. Kí wọ́n tó dé ìdajì, ọmọ ti sùn lọ lórí èjìká bàbá àgbà, ẹni tó sì ti ju ẹni ọgọ́ta ọdún lọ ló ku òun àti àtẹ̀gùn. Ọmọ náà kò rí ààfin, kò rí ipa ẹsẹ̀ Agbógun. Ohun tó ń rántí títí di òní ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí wọ́n rà fún un nísàlẹ̀.

Kò sí ohun tó burú nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà. Òun ló kọ́ wa ní ohun tí à ń sọ yìí. Fún ọmọ tí kò tíì tó ọdún márùn-ún, ìsàlẹ̀ òkè àti ìwọ̀nba àtẹ̀gùn àkọ́kọ́ ti tó o. Ó lè ka àtẹ̀gùn títí dé ogún, kí ó wo bí àpáta ṣe yọ sókè bí ilé alájà púpọ̀, kí ó jẹun, kí ó sì sùn. Bí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá fẹ́ dé òkè, kí àgbàlagbà kan dúró tì í nísàlẹ̀, kí àwọn yòókù máa gùn lọ. Àwọn tó mọ ọ̀nà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń tọ́ àlejò sọ́nà. Ó sàn kí ẹ bá wọn lọ ju kí ẹ máa wá ọ̀nà fúnra yín lórí àpáta.

Àkókò náà ṣe pàtàkì. Ìsinmi gígùn máa ń bọ́ sí inú oṣù Keje títí wọ oṣù Kẹsàn-án, tó jẹ́ àárín ìgbà òjò ní agbègbè wa. Lóòótọ́, òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ, àmọ́ kò sí ẹni tó lè fi ọjọ́ kan búra. Òkúta tó bá tutù a máa yọ̀, omi tó ń ṣàn láàárín àpáta a sì máa kún lójijì. Bí òjò bá ti rọ̀ lóru, ẹ sún ìrìn náà síwájú. Ẹ ṣàlàyé fún àwọn ọmọ, wọn yóò bínú fún wákàtí kan, wọn yóò sì gbàgbé. Oṣù Kọkànlá títí di oṣù Kejì dára jù fún gígun òkè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọyẹ́ lè mú kí ọmọ tó ní ikọ́ fée máa ṣàìsàn. Ìgbàkígbà tó bá sì jẹ́, kí ẹ ti dé ìsàlẹ̀ òkè ní agogo mẹ́jọ òwúrọ̀, kí ẹ sì ti sọ̀ kalẹ̀ kí oòrùn tó dé àtàrí.

Fún àwọn ọmọ tó kéré gan-an, Àkúrẹ́ ní ibi tó rọrùn ju òkè lọ. Yunifásítì Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìjọba Àpapọ̀, FUTA, ní ọgbà ẹranko tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n T. A. Afolayan pè. Ìdílé tó ń gbé ní Oǹdó lè jáde láàárọ̀, kí wọ́n dé ibẹ̀, kí wọ́n sì ti padà sílé kí iyán alẹ́ tó délẹ̀, nítorí ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́ kò ju nǹkan bíi kìlómítà 45 sí 50 lọ. A mọ̀ pé àwọn òbí kan ń wo irú ìrìn kékeré báyìí bí ohun tí kò tó nǹkan. Ọmọ ọdún mẹ́ta kò mọ̀ pé ó kéré. Ọ̀bọ tí ó rí lójúkojú tó ohun tí yóò máa sọ fún oṣù mẹ́ta.

Bí ẹ bá fẹ́ kọjá ìpínlẹ̀ wa, ìsun omi gbígbóná Ìkọ́gòsì ní Èkìtì àti omi Olúmirìn tó ń já láti orí àpáta ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà ní Ọ̀ṣun jẹ́ ibi tí a lè lọ kí a sì bọ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, ìpele méje ni omi náà ní. Ìpele àkọ́kọ́ nìkan ni kí ẹ fi mọ pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́. Ìbàdàn ní tirẹ̀ jìnnà tó nǹkan bíi kìlómítà 200 sí Àkúrẹ́. Ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn, tó ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré láti ọdún 1948, wà níbẹ̀, ọgbà Agodi wà níbẹ̀, Trans Amusement Park náà wà níbẹ̀. Hi-Impact Planet, tó ní àwọn ẹ̀rọ ìṣeré ńlá irú èyí tí àwọn ọmọ ń rí lórí fóònù, wà ní Ìbàfò lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Ẹ má ṣe dá ìrìn wọ̀nyí lálọ-àbọ̀ lọ́jọ́ kan pẹ̀lú ọmọ kékeré. Ẹ wá ibi tí ẹ ó sùn, ilé ẹbí ni tàbí hòtẹ́ẹ̀lì, kí ọmọ sinmi lẹ́yìn ìrìn ọkọ̀ kí ó tó wọ ọgbà lọ́jọ́ kejì. Ibì kan ṣoṣo ni kí ẹ lọ lóòjọ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí ọgbà mẹ́ta ní ọjọ́ kan yóò rí inú ọkọ̀ ju ọgbà lọ.

Ọ̀rọ̀ owó náà ń bẹ, pàápàá ní àkókò yìí tí nǹkan wọ́n. Ohun tó sábà máa ń ká òbí mọ́ ni pé owó ẹnu ọ̀nà kọ́ ni òpin. Ní ibi púpọ̀, ọ̀tọ̀ ni owó tí a ń san fún ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan, ọ̀tọ̀ ni ti oúnjẹ, wọ́n sì lè má gba oúnjẹ ilé wọlé. Ẹ fi fóònù béèrè gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó lọ, kí ẹ sì béèrè bóyá ibẹ̀ ṣí ní ọjọ́ náà. Lẹ́yìn náà, kí ẹ jókòó ti àwọn ọmọ nílé, kí ẹ sì jọ fẹnu kò sí iye ẹ̀rọ tí olúkúlùkù yóò gùn. Ọmọ tó ti mọ̀ láti ilé pé mẹ́ta ni tòun kì í sábà yí mọ́ ilẹ̀ nígbà tí ẹ̀kẹta bá parí. Ẹni tí wọn kò sọ fún ni ó ń yí mọ́lẹ̀.

Ní ti ọmọ tó sọnù láàárín èrò, ọ̀rọ̀ yìí ni a fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn ju gbogbo èyí tó kù lọ, nítorí kò gba ju ìṣẹ́jú kan lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ẹ ya fọ́tò ọmọ kọ̀ọ̀kan nínú aṣọ tó wọ̀ gan-an. Bí ó bá di wíwá, ìyá tí ẹ̀rù ti bà kì í rántí bóyá aṣọ pupa ni tàbí aláwọ̀ ewé, ṣùgbọ́n fọ́tò kò ní gbàgbé. Ẹ kọ nọ́ńbà fóònù òbí sí inú aṣọ ọmọ tàbí sí apá rẹ̀. Ẹ má ṣe kọ orúkọ rẹ̀ síta, nítorí àlejò tó bá fi orúkọ pe ọmọ ni ọmọ yóò rò pé ó mọ òun. Kí gbogbo ọmọ wẹ́wẹ́ ní àgbàlagbà kan tí a dárúkọ pé òun ló ń mójú tó o. Bí ẹni náà bá fẹ́ lọ gbọnsẹ̀, kí ó fa ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ ní gbangba, kí onítọ̀hún sì dáhùn pé òun ti gbà á. Ibi tí ẹni mẹ́fà ti ń ṣọ́ ọmọ kan láìsí ẹni tí a yàn, kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Òfin yìí le sí i létí omi. Omi tí kò ju orúnkún àgbàlagbà lọ lè gbé ọmọ ọdún méjì, kò sì ní pariwo.

Ojú ọ̀nà kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni ọmọ ń jókòó, pẹ̀lú ìgbànú, kì í ṣe lórí itan ẹni tó wà níwájú. Ẹ má ṣe kó ọmọ méjì tàbí mẹ́ta sẹ́yìn ọ̀kadà lọ síbi ìgbafẹ́. Kí ọkọ̀ yín ti wọ ìlú kí ilẹ̀ tó ṣú. Bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ẹ pe 122, nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, tàbí 112 tó wà fún pàjáwìrì gbogbo.

Ẹ gbé omi mímu tó pọ̀, fìlà, aṣọ ìpààrọ̀, àti iyọ̀ òun ṣúgà tí a ń pò mọ́ omi fún ọmọ tí inú rẹ̀ bá ń ṣí. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná láàárọ̀ ọjọ́ ìrìn kò gbọdọ̀ lọ. Tí ẹ bá sì ti padà, ẹ máa wo ọmọ náà fún nǹkan bí oṣù kan, pàápàá bí ẹ bá sùn níbi tí ẹ̀fọn wà. Bí ibà bá mú un láàárín àkókò náà, ẹ má ṣe máa ra oògùn kiri. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, kí ẹ sì sọ fún dókítà ibi tí ẹ lọ àti ọjọ́ tí ẹ lọ.