Tanwíji, Ọmọ Inú Omi

Ẹ ṣí ìdérí àmù tí omi ti pẹ́ nínú rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, kí ẹ bẹjú wò ó. Àwọn nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ kan so rọ̀ lójú omi, wọ́n doríkodò bí àdán. Bí òjìji yín bá ti bò wọ́n, wọ́n á máa ká, wọ́n á máa nà, títí wọn yóò fi kan ìsàlẹ̀. Kò ní pẹ́ tí wọn yóò tún fi gòkè. Tanwíji nìyẹn, ọmọ ẹ̀fọn.

Ọmọ tata jọ tata láti ọjọ́ tó ti jáde nínú ẹyin. Ìyẹ́ ló kù kó hù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò wo tanwíji tí yóò mọ̀ pé ó ń bọ̀ wá fò? Kò lẹ́sẹ̀, kò níyẹ̀ẹ́. Ìdí ló fi ń mí. Ọmọ Anopheles, ẹ̀fọn tó ń kó ibà ranni, kì í doríkodò ní tirẹ̀. Gbalaja ló ń sùn sójú omi.

Jíjẹ ni iṣẹ́ tanwíji. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ń bọ́ awọ. Ní ìbọ́ kẹrin, orí àti àyà rẹ̀ á wú di kókó, ìrù á ká sábẹ́, kò sì ní jẹun mọ́ fún ọjọ́ 2 tàbí 3. Ìwo kékeré méjì ló fi ń mí báyìí. Nínú kókó yẹn, ìyẹ́ ń hù, ẹsẹ̀ mẹ́fà ń gùn, abẹ́rẹ́ ẹnu ń mú.

Lọ́jọ́ tó bá pé, ẹ̀yìn kókó á là. Ẹ̀fọn á yọ díẹ̀díẹ̀, á dúró lórí awọ tó bọ́ bí ẹni dúró nínú ọkọ̀ ojú omi, títí ìyẹ́ rẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí atẹ́gùn bá dojú ọkọ̀ yẹn dé, omi tó tọ́ ọ dàgbà náà ni yóò pa á. Bó bá là á já, oje òdòdó ni oúnjẹ akọ. Abo náà ń mu ún, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wa ló fi ń ṣe ẹyin.

William MacGregor, tó jẹ́ gómìnà Èkó láti 1899 sí 1904, kò lé ẹ̀fọn kiri inú afẹ́fẹ́ nígbà tó ń gbógun ti ibà. Àbàtà ló ní kí wọ́n fa omi rẹ̀ gbẹ. Àmù tiwa náà ni àbàtà tiwa. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ni ẹyin fi ń di ẹ̀fọn. Nítorí náà, ẹ máa da omi tó ti pẹ́ nù lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì fi kànìnkànìn bó inú ìkòkò, torí ẹyin irú ẹ̀fọn kan lè lẹ̀ mọ́ ara ìkòkò gbígbẹ fún oṣù mélòó kan, kó máa retí omi. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò. Tanwíji tí a dà sórí iyanrìn gbígbẹ kò lẹ́sẹ̀ tó máa fi sá, kò sì tíì ní ìyẹ́.