Mọ́tò kékeré tó ti gbó: Àtúnṣe tó ń gba owó là àti èyí tó ń jẹ owó nílé epo

Lójú ọ̀nà tó lọ láti Ìkẹ́rẹ́ sí Ìsẹ̀ àti Èmùrè, ní gúúsù ìpínlẹ̀ Èkìtì, mọ́tò kékeré tó ti lé lógún ọdún ṣì ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń jẹun. Irú Nissan Sunny, Mazda 323, Toyota Corolla àti Starlet ló ń kó èrò lọ sí Akúrẹ́ àti Adó, àwọn náà ló sì ń kó kòkó, iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ jáde láti oko. Kì í ṣe pé àwọn tó ni wọ́n kò fẹ́ pààrọ̀ wọn. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báǹkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa fi náírà sílẹ̀ kó máa wá ipò ara rẹ̀ lọ́jà, owó tọ́kunbọ̀ ti fò kọjá agbára ọ̀pọ̀ olùkọ́, àgbẹ̀ àti onítáàsì. Ẹni tó bá ní ògbólógbòó mọ́tò lọ́wọ́, ṣe ló ń tún un ṣe.

Ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń fọwọ́ ara wọn tún un ṣe, nítorí owó iṣẹ́ mẹkáníìkì náà kò dúró sójú kan. Ìyẹn kò burú rárá. Ohun tó yẹ kí onímọ́tò mọ̀ ni pé oríṣi àtúnṣe méjì ló wà. Ọ̀kan ń dá mọ́tò padà sí bí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ṣe ní kó wà. Èkejì ni èyí táwọn awakọ̀ ń pè ní "ká ṣì máa mánéèjì ẹ̀": wọ́n á yọ nǹkan kan dànù, tàbí kí wọ́n so wáyà kan mọ́ òmíràn, mọ́tò á sì máa lọ. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣe èkejì yìí, á dà bíi pé owó wọn ò jáde. Nílé epo ni wọ́n ti máa ń san án, díẹ̀díẹ̀, láìmọ̀.

Nígbà tí epo bẹntiróòlù kò tíì tó igba náírà fún lítà kan, ẹni tí mọ́tò rẹ̀ ń mu epo jù lè má tètè fura. Ṣùgbọ́n láti ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, nǹkan ti yí padà. Nígbà tó fi máa di oṣù kẹwàá ọdún 2024, iye tí wọ́n ń ta lítà kan ti lé ní ẹgbẹ̀rún náírà ní ọ̀pọ̀ ibi. Lítà kan tó bá ń ṣòfò lónìí, owó gidi ni.

ÌJÀPÁ YÀTỌ̀ SÍ SUNNY

Àṣà kí onímọ́tò máa tún mọ́tò ara rẹ̀ ṣe kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ọdún 1975 ni ilé iṣẹ́ Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ lágbègbè Ọ̀jọ́, nílùú Èkó, ọdún yẹn náà ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Kàdúná. Volkswagen tí gbogbo èèyàn ń pè ní Ìjàpá kò ní rédíétọ̀ rárá, atẹ́gùn ló ń mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tutù. Ẹni tó bá ní sípánà mélòó kan àti sùúrù lè tú kábúrétọ̀ rẹ̀, kó fọ̀ ọ́, kó sì tò ó padà kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Àwọn mọ́tò kékeré tó dé lẹ́yìn rẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Omi ló ń mú wọn tutù, púpọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe láti àwọn ọdún 1990 sì ní kọ̀ǹpútà kékeré tó ń pinnu iye epo tó ń wọ inú ẹ́ńjìnnì. Kọ̀ǹpútà náà kò ní ojú. Ohun tí àwọn wáyà àti ẹ̀rọ aṣọ́nà tó yí ẹ́ńjìnnì ká bá sọ fún un ló ń gbọ́. Ẹni tó bá yọ nǹkan kan, tó sì rò pé òun ti dín wàhálà kù, kọ̀ǹpútà yẹn ló ń tàn jẹ.

OHUN TÍ WỌ́N Ń YỌ DÀNÙ

Ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n sábà máa ń yọ lára mọ́tò tó ń gbóná ni thermostat. Irin kékeré kan ni, ojú ọ̀nà omi tó wà láàrin ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀ ló sì máa ń wà. Iṣẹ́ adènà ló ń ṣe. Bí ẹ́ńjìnnì bá ṣì tutù, á tilẹ̀kùn kí omi má lè dé rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè móoru. Bí omi náà bá gbóná tó nǹkan bí 82 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á ṣílẹ̀kùn, omi á lọ tutù nínú rédíétọ̀, á sì tún padà wá.

Ọ̀rọ̀ tó gbajúmọ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì ni pé ìlú òyìnbó tó tutù ni wọ́n ṣe é fún, pé kò wúlò nílẹ̀ tó gbóná. Ṣùgbọ́n ooru ojú ọjọ́ kọ́ ni ẹ́ńjìnnì ń wá. Ọ̀sán gangan ní Ìkẹ́rẹ́ kì í sábà tó 40 lórí òṣùwọ̀n kan náà, bẹ́ẹ̀ ẹ́ńjìnnì fẹ́ ju 80 lọ kó tó lè jó epo bó ṣe yẹ. Tí kò bá sí adènà, omi tútù á máa wọlé ṣáá. Kọ̀ǹpútà á rò pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná sí mọ́tò láàárọ̀ ni, á sì máa da epo púpọ̀ sí i. Epo tí kò jó tán á máa ṣan ọ́ìlì kúrò lára ògiri sílíńdà, irin á sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ irin. Bó bá pẹ́, mọ́tò á máa mu ọ́ìlì, wọ́n á ní ẹ́ńjìnnì ti gbó.

Àwọn ẹ́ńjìnnì kan tún wà tó jẹ́ pé thermostat náà ló ń dí ọ̀nà ẹ̀bùrú tí omi ń gbà yípo láì dé rédíétọ̀. Tí wọ́n bá yọ ọ́ lára irú wọn, ẹ̀bùrú náà á ṣí sílẹ̀ gbayawu, omi gbígbóná á máa yípo lójú kan. Mọ́tò tí wọ́n fẹ́ kó tutù á wá máa gbóná ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Kí wọ́n tó yọ ohunkóhun, ọmọrí rédíétọ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí òun ló rọjú jù. Ọmọrí yìí máa ń há agbára mọ́ inú omi, kí omi má bàa hó ní 100, kó lè tó nǹkan bí 120 kó tó hó. Bí rọ́bà abẹ́ rẹ̀ bá ti le tàbí tó ti ya, omi á tètè hó, á máa dà jáde, awakọ̀ á sì máa bu omi kún un kiri. Omi odò tàbí omi kànga tí wọ́n ń bù sí i yìí tún ń dá ìpẹtà àti èèpá sílẹ̀ nínú rédíétọ̀. Kúláǹtì ló ń dènà ìyẹn.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fáànù tí wọ́n ń so tààrà mọ́ bátìrì, tàbí tí wọ́n ń fi bọ́tìnnì sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Èyí tí wọ́n so tààrà ń ṣiṣẹ́ nígbà tí kò yẹ, ó ń fa iná, ó sì ń tètè jó. Ní ti oníbọ́tìnnì, ọjọ́ tí awakọ̀ bá gbàgbé láti tẹ̀ ẹ́ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ ọjọ́ ọjà, owó gásìkẹ́ẹ̀tì ló máa fi gbára.

ÌṢIRÒ RẸ̀ RÈÉ

Ká mú táàsì kan tó ń rin kìlómítà 160 lóòjọ́. Ká sì fi epo sí 1,000 náírà fún lítà kan kí ìṣirò lè rọrùn. Bí mọ́tò náà bá ń fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́wàá, lítà 16 ló máa mu. Bó bá jẹ́ pé wọ́n ti yọ thermostat, tí púlọ́ọ̀gì ti jẹ, tí fílítà afẹ́fẹ́ ti dí, tí táyà ò sì ní atẹ́gùn tó, tí gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ wá jẹ́ kó máa fi lítà kan rin kìlómítà mẹ́jọ, lítà 20 ló máa mu.

Ìyàtọ̀ rẹ̀ jẹ́ lítà mẹ́rin, ìyẹn 4,000 náírà lóòjọ́. Tó bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 26 lóṣù, 104,000 náírà ti bá èéfín lọ. Awakọ̀ tó ń jíṣẹ́ owó fún ẹni tó ni mọ́tò lójoojúmọ́, inú èrè tirẹ̀ ni owó yẹn ti ń jáde, kì í ṣe inú ti onímọ́tò. Ìdí nìyẹn tí ìjà fi máa ń wà láàrin àwọn méjèèjì lórí ẹni tó yẹ kó ra púlọ́ọ̀gì. Bí wọ́n bá jọ ṣe ìṣirò yìí, wọ́n á rí i pé ẹni tó bá tètè rà á ló jèrè jù.

IṢẸ́ TÍ ONÍMỌ́TÒ LÈ FỌWỌ́ ARA RẸ̀ ṢE

Irin iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀: jáákì, sípánà táyà, sípánà púlọ́ọ̀gì, sípánà 10, 12 àti 14 tó bá ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀tì ara Toyota àti Nissan mu, àti ohun tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà.

Láàárọ̀, kí ẹ́ńjìnnì tó gbóná, kó wo ọ́ìlì àti omi lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Ọmọrí rédíétọ̀ tó ṣì gbóná, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i, omi rẹ̀ lè bó èèyàn lójú. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó wọn atẹ́gùn táyà. Iye tó yẹ wà lára ìwé pélébé tó lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò kékeré ń gba láàrin 28 sí 35. Lásìkò ọyẹ́, eruku ọ̀nà oko tètè ń dí fílítà afẹ́fẹ́, kó máa gbọ̀n ọ́n, kó sì pààrọ̀ rẹ̀ tó bá ti dúdú. Lẹ́yìn nǹkan bí 5,000 kìlómítà, kó pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà rẹ̀ pa pọ̀, ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré kò gbà ju lítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ. Bí ìyẹ̀fun funfun bá bo orí bátìrì, kó tú u, kó fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́, kó sì fi Vaseline pa á. Awakọ̀ tó ń sọ pé bátìrì òun ti kú, ìdọ̀tí orí rẹ̀ ni nígbà mìíràn.

Ní ti ẹ̀yà ara mọ́tò, irin tọ́kunbọ̀ ṣì ṣeé gbára lé bí wọ́n bá yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ohun tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, bíi fánùbẹ́ẹ̀lì àti páìpù omi, àti páàdì bùréèkì, tuntun ló yẹ kí wọ́n rà.

IBI TÓ YẸ KÍ ỌWỌ́ DÚRÓ

Àwọn ibì kan wà tí kì í ṣe ibi ìdánwò. Àkọ́kọ́ ni bùréèkì. Bí òróró rẹ̀ bá ń lọ sílẹ̀, ó lè jẹ́ pé ó ń jò, tàbí kí páàdì ti jẹ tán. Ẹni tó bá da ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí i, àwọn rọ́bà inú rẹ̀ á wú, bùréèkì á sì já a kulẹ̀ lórí ìdagẹ̀rẹ̀.

Èkejì ni fíúsì. Pupa jẹ́ 10, búlúù jẹ́ 15, yẹ́lò jẹ́ 20, àwọ̀ ewé jẹ́ 30. Fíúsì tó bá jó ń sọ pé nǹkan kan ń ṣe iná mọ́tò náà ni. Bí wọ́n bá fi wáyà dípò rẹ̀, wáyà ara mọ́tò ni yóò jó dípò fíúsì. Rẹwáyà ló yẹ kí wọ́n pè.

Ẹ̀kẹta ló burú jù: sílíńdà gáàsì ìdáná tí àwọn kan ń fi sínú búùtù láti sá fún owó epo. Gáàsì CNG tí ìjọba àpapọ̀ ń polongo láti 2023 yàtọ̀ sí gáàsì ìdáná. Agbára tó wà nínú sílíńdà CNG tó kún tó ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti atẹ́gùn inú táyà, ti gáàsì ìdáná kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá rẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2024, ọkọ̀ kan bú gbàù níbi tó ti ń gba CNG nílùú Benin, àwọn èèyàn sì fara pa. Àwọn tó ń darí ètò CNG ìjọba ṣàlàyé pé sílíńdà tí wọ́n jó pọ̀, tí kì í ṣe ti CNG, ló wà nínú rẹ̀. Ibùdó tí ìjọba fọwọ́ sí nìkan ló lè ṣe iṣẹ́ yìí.

Ẹni tó bá sì pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ lọ sí ọ́fíìsì ìwé mọ́tò, kí nọ́ńbà tuntun lè wọ inú ìwé rẹ̀. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ọlọ́pàá lè rò pé mọ́tò olè ló ń wà.

Bí owó tó wà lọ́wọ́ kò bá tó ṣe gbogbo rẹ̀, bùréèkì àti táyà ni kí onímọ́tò kọ́kọ́ ná an sí, nítorí ẹ̀mí. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà omi: ọmọrí, páìpù àti thermostat. Púlọ́ọ̀gì àti fílítà ló tẹ̀ lé e, nítorí epo. Kíkùn mọ́tò àti rédíò tuntun lè dúró dìgbà tí èrè bá wọlé.