Aṣọ́fẹ́yẹjẹ

Bí àgbẹ̀ bá ti wa iṣu tán, tí ó kó àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ kúrò, tí ó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ pé kí ó sinmi fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kì í pẹ́ kí ilẹ̀ náà tó di ti itàkùn àti ti àwọn igi kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò gbìn, tí ẹnikẹ́ni kò sì bomi rin. Nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, láti Ẹ̀gbẹ́dá dé Erúnmu ní agbègbè Ìbàdàn, àti káàkiri abẹ́ igi kòkó tí àwọn baba wa gbìn, ni aṣọ́fẹ́yẹjẹ gbé ń lo ayé rẹ̀ láìpariwo. Ọmọ igbó ọlọ́rinrin ni í ṣe. Kò ga tó ìrókò, kò tóbi tó oṣè, kò sì ní ibòji tí àlejò lè sinmi sí. Nítorí náà ẹni tí ń ṣán oko kì í bojú wò ó kí ó tó fi àdá gé e lulẹ̀. Lójú tèmi, ìwà àìmoore ni.

Ẹ jẹ́ kí n júwe rẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, a máa ga ju ènìyàn lọ díẹ̀ ní etí oko, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ àgbẹ̀ kò bá kàn án nínú igbó, a dàgbà di igi gidi. Ewé rẹ̀ gùn, ó ń dán, ṣóńṣó rẹ̀ sì mú; kì í hù ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta, mẹ́rin tàbí márùn-ún ni í pagbo yí ojú kan náà ká lára ẹ̀ka, èyí sì ni àmì tí a fi ń dá a mọ̀ láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Bí a bá já ewé kan, oje funfun a yọ. Òdòdó rẹ̀ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, ó funfun díẹ̀, ó sì fẹ́ jọ àwọ̀ ewé, orí ẹ̀ka ni ó ń ṣù jọ sí, ẹni tí kò bá sún mọ́ ọn kò ní mọ̀ pé ó ti tanná. Lẹ́yìn òdòdó ni èso, tútù yọ̀yọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí í wá pọ́n díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi pupa bí iyùn ọrùn olorì. Ìgbà náà ni àwọn ẹyẹ ń ya bò ó. Wọ́n a jẹ èso, wọ́n a gbé kóró lọ, wọ́n a sì yà á sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá bà sí. Ìdí nìyí tí a fi ń bá a lẹ́bàá ọgbà àti ní ìdí ọ̀pẹ. Ẹyẹ ni àgbẹ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ tí ó ń bọ́ ọ kì í ṣe ilẹ̀ yẹpẹrẹ. Nígbà tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ méjì, Smyth àti Montgomery, yẹ ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà wò, tí wọ́n tẹ ìwé wọn jáde ní 1962, orúkọ Ẹ̀gbẹ́dá ni wọ́n fi pe ọ̀kan nínú irú ilẹ̀ tí wọ́n rí, ilẹ̀ pupa alámọ̀ tí kòkó fẹ́ràn. Ohun tí kòkó ń jẹ níbẹ̀ náà ni aṣọ́fẹ́yẹjẹ ń jẹ, àmọ́ kòkó nìkan ni à ń gbé lọ sórí ìwọ̀n.

Abẹ́ ilẹ̀ ni ọlá aṣọ́fẹ́yẹjẹ wà. Gbòǹgbò rẹ̀ korò goro. Wèrè dùn-ún wò, kò ṣe é bí lọ́mọ: nígbà tí orí ẹnìkan bá dàrù nínú ilé, tí ó ń fa aṣọ ya, tí ó ń bá afẹ́fẹ́ jà, tí oorun sì ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ọ̀dọ̀ adáhunṣe ni ẹbí ń sìn ín lọ kí ilé ìwòsàn tó dé, gbòǹgbò yìí sì ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ Ọ̀sanyìn ń wa. Wọ́n a bó èèpo rẹ̀, wọ́n a sá a, wọ́n a gún un kúnná, tàbí kí wọ́n rẹ ẹ́ sómi, wọ́n a sì wọ̀n ọ́n fún aláìsàn. Onítọ̀hún a bì, a yàgbẹ́, lẹ́yìn náà oorun a gbé e lọ, oorun àsùnpẹ́ tí í mú kí ìyá aláìsàn máa tẹ́tí sí èémí rẹ̀. Bí ó bá jí, ara a ti rọ̀, ohùn a ti wálẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀pọ̀ oṣù ni aláìsàn ń gbé lọ́dọ̀ adáhunṣe, tòun ti ọfọ̀ àti ètùtù, nítorí ewé ń jẹ́, oògùn ń jẹ́, èyí tí kò bá jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù kan.

Ní 1952, ní ìlú Basel ní ilẹ̀ Switzerland, àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ Ciba yọ èròjà kan jáde láti inú gbòǹgbò ìbátan igi yìí kan tí ó ń hù ní Íńdíà, tí àwọn ará ibẹ̀ náà ti ń fi wo wèrè láti ayébáyé; wọ́n pe èròjà náà ní reserpine, kò sì pẹ́ tí àwọn dókítà òyìnbó fi ń fi í wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti orí tó dàrù. Èròjà kan náà ló wà nínú aṣọ́fẹ́yẹjẹ, ó tilẹ̀ pọ̀ nínú èèpo gbòǹgbò rẹ̀ ju ti Íńdíà lọ, ni àwọn oníṣòwò oògùn bá yíjú sí igbó Áfíríkà. Ní 1954, Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní ilé ìwòsàn Àrò ní Abẹ́òkúta, níbi tí ó ti ń fi àwọn aláìsàn wọ̀ sílé àwọn ará abúlé, tí ó sì pe àwọn adáhunṣe mọ́ra. Raymond Prince, dókítà ará Kánádà tó bá wọn ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tọ àwọn adáhunṣe lọ, ní 1960 ó sì kọ̀wé fún àwọn dókítà ọpọlọ Amẹ́ríkà lórí gbòǹgbò tí wọ́n ń lò. Adam Afzelius, ará Sweden tó ti ṣa ewé kiri ní Sàró, ló fún igi náà ní orúkọ ìwé rẹ̀, Rauvolfia vomitoria, ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún. Orúkọ Afzelius wà lára igi náà títí ayé. Ti adáhunṣe tó kọ́kọ́ wa gbòǹgbò rẹ̀ fún ọmọ ọlọ́mọ kò sí nínú ìwé kankan.

Kí ẹnikẹ́ni má ka èyí tán kí ó gbé ọkọ́ lọ sí oko. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó. Ohun tí ń rọ orí gbígbóná lè rọ ọkàn jù, kí ó sọ alára di ẹni tí ayé sú. Ó lè fa ẹ̀jẹ̀ ríru wálẹ̀ kọjá ààlà. Agbára gbòǹgbò tí a wa lónìí sì lè ju ti àná lọ, kò sì sí ojú tó lè rí i. Ìdí nìyẹn tí ilé ìwòsàn fi gba oògùn mìíràn, tí reserpine fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di ohun ìgbàgbé.

Ìbàdàn mesì Ọ̀gọ̀, nílé Olúyọ̀lé, kò dẹ́kun títẹ̀síwájú. Ilẹ̀ tí ń sinmi lánàá ti di pùlọ́ọ̀tì, katakata sì ń wú ohun gbogbo tìdí-tìdí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra ilẹ̀ ní Ẹ̀gbẹ́dá, bí ẹ bá rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí ewé rẹ̀ pagbo, ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá ọ̀kan sí ní ẹ̀yìnkùlé fún àwọn ẹyẹ, kí ẹ sì kìlọ̀ fún àwọn ọmọ yín pé kí wọ́n má fi èso rẹ̀ sẹ́nu.