Àárọ̀ Lọ, Alẹ́ Bọ̀: Bí Akẹ́kọ̀ọ́ Ṣe Lè Mọ Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì Kí Físà Tó Parí

Ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń lọ gba oyè kejì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ló ń lo ọdún kan gbáko níbẹ̀ láì mọ̀ ju ọ̀nà mẹ́ta lọ: ọ̀nà yunifásítì, ọ̀nà ibi iṣẹ́, àti ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláásí. Kò yani lẹ́nu. Owó ilé-ẹ̀kọ́ kì í ṣe kékeré, ilé mìíràn sì ti ta ilẹ̀ tàbí jẹ gbèsè kí náírà tó di pọ́n-ùn tí wọ́n san. Òfin físà tún sọ pé wákàtí 20 ni akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì lè fi ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ nígbà tí sáà ẹ̀kọ́ bá ń lọ lọ́wọ́. Ẹni tó ń ṣọ́ wákàtí báyìí, tó tún ní iṣẹ́ kíláàsì tó gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ lọ́jọ́ Ajé, bí Sátidé bá dé, oorun ni yóò fi gbogbo rẹ̀ sùn.

Síbẹ̀, àdánù ńlá ni kéèyàn ná irú owó bẹ́ẹ̀, kó gboyè, kó padà sílé, kó má sì lè sọ bí ìlú tó gbé ṣe rí. England kò tóbi. Nàìjíríà nìkan tó o lọ́nà méje. Láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù, ọkọ̀ ojú irin ń dé Brighton ní nǹkan bí wákàtí kan, ó ń dé Bath ní nǹkan bí wákàtí kan àbọ̀, ó sì ń dé York ní nǹkan bí wákàtí méjì. Ẹni tó bá tètè jí lè dé ìlú tí kò dé rí, kó rìn ín yíká, kó jẹun níbẹ̀, kó sì padà sùn sórí ibùsùn ara rẹ̀ láì san kọ́bọ̀ fún hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọ̀rọ̀ owó ló máa ń kọ́kọ́ dáni dúró, nítorí pé ọkọ̀ ojú irin wọ́n púpọ̀ fún ẹni tó bá kàn dé ibùdókọ̀ tó ní kí wọ́n fún òun ní tíkẹ́ẹ̀tì. Àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n á ra Railcard, káàdì tó ń gé ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú ọ̀pọ̀ owó ọkọ̀ fún odidi ọdún kan. Pọ́n-ùn 35 ni wọ́n ń tà á láti ọdún 2025, ìrìn-àjò méjì tàbí mẹ́ta sì lè dá owó náà padà. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tiwa kò mọ̀ ni pé kì í ṣe ọmọ ọdún 16 sí 25 nìkan ló ni ín. Ẹni tó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún, tó fi ìyàwó tàbí ọkọ sílẹ̀ ní Ìbàdàn láti lọ kàwé, lẹ́tọ̀ọ́ sí i bí ó bá ń kàwé ní àkókò kíkún, tí yunifásítì rẹ̀ sì lè jẹ́rìí sí i.

Tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Advance tún dín owó kù, pàápàá bí wọ́n bá rà á ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Ọkọ̀ kan pàtó ni wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì yìí fún. Bí ọkọ̀ náà bá fi èèyàn sílẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ nílé, owó ti lọ nìyẹn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má sì dán an wò láti wọkọ̀ láì ní tíkẹ́ẹ̀tì tó tọ́: pọ́n-ùn 100 ni owó ìtanràn ní England, wọn yóò sì gba owó ọkọ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí àpò rẹ̀ kò gbé ọkọ̀ ojú irin rárá lè wọ bọ́ọ̀sì ọlọ́nà jíjìn bíi National Express tàbí FlixBus. Kì í yára, àmọ́ ó ń dé ibi tó ń lọ. Ní ti bọ́ọ̀sì kéékèèké láàárín ìlú àti ìlétò, láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2025 ni ìjọba ti fi pọ́n-ùn mẹ́ta ṣe òpin owó ìrìn kan lórí ọ̀pọ̀ wọn lẹ́yìn òde Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Bí èèyàn bá ti dé ibi tó ń lọ, kò pọn dandan kó náwó. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2001 ni àwọn mùsíọ́mù ìjọba àpapọ̀ tó ti ń gbowó ẹnu ọ̀nà tẹ́lẹ̀ ti dẹ́kun gbígbà á. British Museum ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kì í gbà á ní tirẹ̀, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ọmọ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀, nítorí orí idẹ Ifẹ̀ kan wà nísàlẹ̀ ilé náà, ní gbọ̀ngán Áfíríkà. Ọdún 1938 ni àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ṣalábàápàdé àwọn orí bẹ́ẹ̀; ọdún 1939 ni ọ̀kan nínú wọn dé mùsíọ́mù yìí. Ẹni tó bá súnmọ́ gíláàsì rẹ̀ yóò rí ilà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tó sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú orí dé àgbọ̀n, ètè tó ṣe rẹ́gí, adé tí ohun ọ̀ṣọ́ kan yọ sókè níwájú rẹ̀, àti àmì ọ̀dà pupa tí kò tíì parẹ́ tán lára adé náà. Kò sí àwòrán inú ìwé tó lè gbé ẹwà rẹ̀ yọ tán.

Nínú gbọ̀ngán kan náà ni àwọn idẹ Benin wà, èyí tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba Benin ní ọdún 1897. Èèyàn lè bínú níbẹ̀, ìbínú náà sì tọ́. Ṣùgbọ́n kó tún gba Forest Hill lọ, ní gúúsù Lọ́ńdọ́ọ̀nù, sí Horniman Museum, tó dá ẹ̀tọ́ níní ohun 72 tí wọ́n kó ní Benin padà fún Nàìjíríà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Ìròyìn nípa dídá ohun ìṣẹ̀ǹbáyé padà kì í yé èèyàn dáadáa títí yóò fi dúró níwájú àwọn ohun náà fúnra wọn.

Lẹ́yìn Lọ́ńdọ́ọ̀nù, Canterbury ni. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré láti ibùdókọ̀ St Pancras ní Lọ́ńdọ́ọ̀nù kì í lò tó wákàtí kan kó tó débẹ̀. Inú kàtídírà ńlá ìlú yìí ni wọ́n ti fi Samuel Àjàyí Crowther ṣe bíṣọ́ọ̀bù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà ọdún 1864, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí Ìjọ Áńgílíkà fi sí ipò náà. Ẹ ro ọ̀nà tó gbà débẹ̀. Ọmọ Òṣoògùn ni. Wọ́n kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó gbà á lójú omi ní oṣù Kẹrin ọdún 1822, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ọdún méjìlélógójì lẹ́yìn náà, nígbà tí wọ́n ń gbé ọwọ́ lé e lórí ní Canterbury, Henry Leeke, ọ̀gá ọkọ̀ ogun tó gbà á sílẹ̀ yẹn, wà láàárín èrò.

Kàtídírà náà fúnra rẹ̀ tó wò. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kejìlá ọdún 1170 ni àwọn ọmọ ogun onídà mẹ́rin wọlé síbẹ̀ pa Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Thomas Becket, lẹ́yìn èdè-àìyedè òun àti ọba. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ni àwọn olùjọsìn ń wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń fi eékún gun àtẹ̀gùn òkúta lọ sí ojúbọ rẹ̀, títí Ọba Henry Kẹjọ fi ní kí wọ́n wó o ní ọdún 1538. Àbẹ́là kan ṣoṣo ló ń jó báyìí lórí ilẹ̀ níbi tí ojúbọ náà wà. Ṣùgbọ́n àtẹ̀gùn ṣì wà: àárín òkúta kọ̀ọ̀kan ti jẹ wọnú bí ọlọ tí ìyá àgbà ti lò gbó.

Ìtàn Crowther kò parí síbi ayọ̀. Nígbà ogbó rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì aláwọ̀ funfun gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà tó sì kú ní ọdún 1891, òyìnbó ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, àádọ́jọ ọdún lẹ́yìn ìfijoyè náà, Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Justin Welby ṣe ìsìn ìdúpẹ́ nínú kàtídírà yẹn kan náà, ó sì tọrọ àforíjì lórí ohun tí Ìjọ ṣe sí i. Ẹni tó fẹ́ tọ ipasẹ̀ Crowther síwájú sí i lè lọ sí Windsor. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1851, ó ka Àdúrà Olúwa ní èdè Yorùbá sí etí Ọbabìnrin Victoria níbẹ̀. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni ọkọ̀ ogun ọbabìnrin kan náà yìnbọn lu Èkó.

Àṣírí kan wà nípa àwọn kàtídírà wọ̀nyí. Owó tí Westminster Abbey ń gbà lọ́wọ́ àlejò tó wá wòran kì í ṣe kékeré rárá, Canterbury náà sì ń gbowó. Ṣùgbọ́n wọn kì í gbowó lọ́wọ́ ẹni tó wá jọ́sìn. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá fún ìsìn ìrọ̀lẹ́ tí wọ́n ń pè ní Evensong yóò jókòó láàárín ilé náà, yóò gbọ́ orin akọrin tí kò lẹ́gbẹ́, kò sì ní san nǹkan kan. Kó má kàn lọ yọ fóònù síta nígbà tí ìsìn bá ń lọ.

Etíkun Brighton ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń sá lọ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, òkúta wẹ́wẹ́ ló sì wà níbẹ̀ dípò iyanrìn. Ṣùgbọ́n kí ẹni tó bá lọ gun òkè díẹ̀ dé ṣọ́ọ̀ṣì St Nicholas. Ibẹ̀ ni Sarah Forbes Bonetta ti ṣègbéyàwó ní oṣù Kẹjọ ọdún 1862. Ọmọ Yorùbá ni, àwọn ọmọ ogun Dahomey ló mú un ní Òkè-Ọdàn ní ọdún 1848 nígbà tó ṣì kéré. Ọ̀gágun ojú omi Frederick Forbes gbà á lọ́wọ́ Ọba Gezo, ó gbé e wá sí England, Ọbabìnrin Victoria sì gba ìtọ́jú rẹ̀. James Davies tó fẹ́ ẹ di gbajúmọ̀ oníṣòwò ní Èkó, ó sì wà lára àwọn tó ran CMS Grammar School lọ́wọ́ nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n kọ́kọ́ bí, Victoria ni wọ́n sọ ọ́, ọbabìnrin ló sì ṣe ìyá ìsàmì rẹ̀.

Kì í ṣe ibi tí ìtàn tiwa wà nìkan ló tọ́ sí ìrìn. Ní Bath, omi gbígbóná ń tú jáde láti inú ilẹ̀, bí ó ti ń ṣe kí àwọn ará Róòmù tó kọ́ ilé ìwẹ̀ sí i. Láti Salisbury, bọ́ọ̀sì ń gbé èèyàn lọ wo òkúta Stonehenge, tí wọ́n ti gbé àwọn tó tóbi jù nínú wọn dúró láti nǹkan bí 4,500 ọdún sẹ́yìn. Nínú kàtídírà Salisbury, ọ̀kan nínú ẹ̀dà mẹ́rin tó ṣẹ́kù nínú ìwé Magna Carta ti ọdún 1215 wà. Ní York, èèyàn lè rìn lórí odi ìlú lọ́fẹ̀ẹ́. Ní Bristol, ère Edward Colston, tí àwọn olùfẹ̀hónúhàn wó lulẹ̀ ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹfà ọdún 2020, tí wọ́n sì jù sínú omi nítorí òwò ẹrú tó ṣe, wà ní ìdùbúlẹ̀ nínú mùsíọ́mù M Shed, ọ̀dà tí wọ́n dà sí i lára kò tíì kúrò. Èbúté Liverpool ni ọkọ̀ ojú omi Aureol ti bẹ̀rẹ̀ sí í ná Èkó ní ọdún 1951, ìrìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà ìgbà yẹn ló sì bá a wá. Mùsíọ́mù òwò ẹrú tó wà létí èbúté náà ni wọ́n tì fún àtúnṣe ńlá ní ọdún 2025, nítorí náà kí èèyàn wò ó lórí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti ṣí i kó tó lọ.

Ìgbà tí èèyàn yóò lọ náà ṣe pàtàkì. Ní oṣù Kejìlá, òòrùn ń wọ̀ kí agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù; ní oṣù Kẹfà, ìmọ́lẹ̀ ṣì wà ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n sábà máa ń tún ojú irin ṣe, tí wọn yóò fi bọ́ọ̀sì rọ́pò ọkọ̀, ìrìn wákàtí kan á sì di mẹ́ta. Oúnjẹ ibi ìgbafẹ́ wọ́n. Ìrẹsì tí èèyàn dì láti ilé sínú abọ́ tó ní ìdérí àti omi nínú ìgò lè gba èèyàn lọ́wọ́ níná pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kí aṣọ òjò má sì kúrò nínú báàgì, nígbàkigbà.

Ohun kan tó lè kó èèyàn sí wàhálà gidi ni ààlà. Físà akẹ́kọ̀ọ́ UK gbà fún Scotland, Wales àti Northern Ireland, ṣùgbọ́n Dublin wà ní orílẹ̀-èdè mìíràn. Bọ́ọ̀sì láti Belfast lè kọjá sí ọ̀hún láìsí ẹni tó dá a dúró, síbẹ̀ ọmọ Nàìjíríà nílò físà Ireland. Paris náà gba físà tirẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ojú irin ń lọ síbẹ̀ tààrà láti Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ẹ̀yin òbí tó ń pe ọmọ lórí fóònù lópin ọ̀sẹ̀, bí ẹ bá ti béèrè ìwé àti oúnjẹ tán, ẹ bá wa béèrè ìlú tó lọ wò lóṣù yìí. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ mú Sátidé kan nínú oṣù kan, ẹ kó ara yín jọ ní mẹ́ta mẹ́rin, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì Canterbury nísinsìnyí tí kò tíì wọ́n.