Ṣé ìlẹ̀kùn títì lè dá àrùn dúró?

Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé Ìkìrun bi mí léèrè pé tí àrùn bá bẹ́ sílẹ̀ lókè òkun, ṣé kò dáa kí ìjọba kàn ti ẹnubodè àti pápákọ̀ òfurufú pa, kí ẹnikẹ́ni má wọlé mọ́? Ìdáhùn mi ni pé ìlẹ̀kùn títì lè fa àrùn sẹ́yìn díẹ̀, kì í sábà dá a dúró. Ohun tí a bá fi ọjọ́ díẹ̀ yẹn ṣe ló ṣe pàtàkì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti 1918. Lóṣù kẹsàn-án ọdún náà, àrùn tí àwọn àgbà wa pè ní lúkúlúkú bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Kò pẹ́ tó fi gun ọkọ̀ ojú irin, ojú irin tó gba Òṣogbo, Ìkìrun àti Òkukù kọjá lọ sókè Ọya. Ọ̀nà tí ọjà ń gbà wọlé náà ni ikú gbà. Ṣùgbọ́n ní Sàmóà tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, wọ́n ti èbúté pa, àrùn náà kò sì pa ẹnì kankan níbẹ̀. Ní Sàmóà kejì tí wọn ò ti èbúté, nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ló kú. Nítorí náà, n ò ní sọ pé ìlẹ̀kùn títì ò wúlò rárá. Erékùṣù tí òkun yí ká lè rí i ṣe.

Àwa ńkọ́? Lópin oṣù kẹta 2020, Ivory Coast ti ti ààlà rẹ̀ nítorí Kòrónà, Nàìjíríà náà ti ti tirẹ̀. Síbẹ̀, èèyàn 127 ti ibẹ̀ wọ Èjìgbò, ní Ọ̀ṣun wa níbí. Kò yà mí lẹ́nu. Àwọn ará Èjìgbò ti ń lọ sí Àbíjàn tipẹ́, bí àwọn ará Ìnísà ṣe ń ṣòwò ní Gánà kí wọ́n tó lé wọn lọ́dún 1969. Ohun tó gbà wá ni pé wọ́n kó àwọn tó dé yẹn síbì kan, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n sì rí àrùn lára àwọn tó lé ní mẹ́wàá.

Lọ́dún yẹn kan náà, ọmọ Òkukù kan gba ọ̀nà ìgbẹ́ wọlé lóru, ìyá rẹ̀ sì fi í pamọ́ sí yàrá. A dúpẹ́ pé kò ní àrùn. Nígbà tí mo bi ìyá náà pé kí ló dé tí kò fi sọ fẹ́nì kan, ó ní, "Bàbá, wọ́n á gbé e lọ ni." Ẹ rí i bẹ́ẹ̀? Tí òfin bá ń dẹ́rù bani, àwọn èèyàn ò ní jáwọ́ ìrìnàjò. Wọ́n á kàn máa sá pamọ́ ni.

Ẹ wo Ẹ̀bólà náà. Ní 20 oṣù keje 2014, Patrick Sawyer wọ bàálù láti Làìbéríà dé Èkó. Dókítà Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní kúrò ní ọsibítù. Iṣẹ́ yẹn ló pa á. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tí àrùn náà lè ti ràn káàkiri, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Èèyàn 20 ló kó o, 8 kú, nígbà tó sì di 20 oṣù kẹwàá, wọ́n kéde pé Ẹ̀bólà ti tán ní Nàìjíríà.

Olóòótọ́ ìlú nìkà ìlú. Lóṣù kọkànlá 2021, South Africa ló kọ́kọ́ ké sí ayé pé Omicron ti dé, kíá ni wọ́n tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó sì ti wà ní Netherlands kí South Africa tó sọ̀rọ̀! Bìrìtéènì fi òfin de Nàìjíríà náà, kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí wọ́n fi yọ ọ́ kúrò. Tí a bá ń fìyà jẹ ẹni tó sọ òótọ́, ta ni yóò sọ lọ́la?

Ẹ tilẹ̀kùn tó bá pọn dandan, fún ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi àkókò náà wá ibi àyẹ̀wò, kí ẹ sì ṣètò oúnjẹ fún ẹni tí a bá yà sọ́tọ̀, kí ìyá Òkukù yẹn lè fẹnu ara rẹ̀ wá sọ pé ọmọ òun ti dé.